Bí mo ṣe kó ìtàn Bàbá Sájẹ́ǹtì jọ fún ẹ̀yẹ ìkẹyìn rẹ̀

Nígbà tí ẹbí pín iṣẹ́ ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìkọ̀lé, kò sẹ́ni tó bá mi du tèmi. Àwọn kan gba màlúù àti iyán (iṣẹ́ ńlá nìyẹn lọ́dọ̀ wa, òkú àgbà tí iyán ò bá kárí ní Èkìtì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀). Àwọn kan gba aṣọ ẹbí àti onílù. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú, kí n sì lọ bá àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́ kí wọ́n wá ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ẹni wọn. Wọ́n ní tíṣà ni mí, tíṣà ló ń kọ̀wé. DSP (Deputy Superintendent) ni Bàbá nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2004, ṣùgbọ́n Bàbá Sájẹ́ǹtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ipò yẹn ló wà nígbà tó kọ́lé sílé. Ipò ń gòkè, orúkọ ò bá a gòkè.

Mo ti ka ìwé ìsìnkú tó pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń wà nínú wọn: olóòótọ́ ènìyàn, bàbá rere, ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ yọ orúkọ olóògbé kúrò, kí ẹ fi ti káfíńtà tàbí ti àgbẹ̀ oníkòkó sí i, ìwé náà á ṣì bá a mu. Ti ọlọ́pàá wá tún le. Nínú àwọn tó máa jókòó lábẹ́ kánópì lọ́jọ́ náà, ta ni wọn ò tíì dá dúró rí láàárín Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́, kí wọ́n bi í pé kí ló mú wá fún àwọn? Bí mo bá kọ ọ́ pé Bàbá ò lábàwọ́n kankan, wọn á kàn wo ara wọn lójú ni, wọn á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo bá sọ fún ẹbí pé ohun tí kò bá ní ìwé, tí kò sì ní ẹni tó ṣojú rẹ̀, kò ní wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa gbọ́, ó ní, "Ṣé kóòtù lo fẹ́ gbé òkú lọ ni?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́ lóòótọ́.

Inú àpótí páànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ìgbà yẹn kì í ju ìwé nù. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ní 1969 wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láti Police College, Ìkẹjà, ìwé ìgbéga, ìwé tíránsífà, àmì ẹ̀yẹ onírin kan tó so mọ́ ọ̀já, fèrè tí wọ́n fi ń pe ara wọn lóru, àti àwọn ìwé pélébé tó máa ń kọ nǹkan sí, tó fi rọ́bà dè pọ̀. Ṣùgbọ́n omi òjò ti wọ àpótí náà rí, ọjọ́ tó wà lára ọ̀pọ̀ ìwé ti parẹ́.

Ohun tó gbà mí ni orí ìwé. Èyí tí wọ́n bá tẹ Western State sí lórí, kò lè kọjá ìbẹ̀rẹ̀ 1976, torí ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún náà ni ìjọba Murtala Muhammed pín Western State sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Èyí tí wọ́n kọ láti Adó tó sì jẹ́ Ondo State ló wà lórí rẹ̀, ó ti pẹ́ ju oṣù kẹwàá 1996 lọ, torí ọjọ́ 1 oṣù náà ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní pálọ̀, mo tò wọ́n ní òkìtì òkìtì. Fọ́tò náà ní ọ̀nà tiẹ̀. Bí ìlà orí apá aṣọ bá jẹ́ méjì, kọ́púrà ni. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, sájẹ́ǹtì ni. Èyí tí kò ní ìlà rárá, tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ iléèwé, ìyẹn ni ti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ṣọ́ nọ́ńbà dáadáa. Ọlọ́pàá tó bá ti kékeré gòkè máa ń ní nọ́ńbà méjì: Force Number tí wọ́n fún un nígbà tó wọlé, àti AP Number tí wọ́n fún un nígbà tó di ASP (Assistant Superintendent). Bí ẹ bá mú ọ̀kan ṣoṣo lọ, ìdajì ìgbésí ayé rẹ̀ lẹ mú lọ.

Ibi tí ìwé ò bá sọ nǹkan, Màmá, ìyàwó Bàbá, ló sọ ọ́. Màmá ò fi ọdún ka nǹkan, ọmọ ló fi ń kà á. Àkọ́bí, bárékè ní Ìbàdàn. Èkejì, Àkúrẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, Maiduguri, níbi tí ooru ti mú tó jẹ́ pé ìta ni wọ́n ń sùn. Ẹ̀kẹrin, Wàrí. Mo lọ gba ìwé ìrìbọmi àwọn ọmọ lọ́wọ́ wọn, mo sì fi ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ di àlàfo tó wà láàárín àwọn ìwé tíránsífà. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé obìnrin náà ti palẹ̀ ilé mọ́, ó sì ti tún un gbé kalẹ̀, ní ìlú tó pọ̀ tó ti ọkọ rẹ̀, láìsí ẹni tó fún un ní lẹ́tà ìgbéga kankan. Mo fi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ sí i létí, ó ní kí n yọ ibi tí mo ti sọ pé ó fara da ìyà. Ó ní òun ń ta ẹ̀wà ní bárékè, èrè wà níbẹ̀, ìyà wo?

Màmá náà ló sọ bí Bàbá ṣe wọṣẹ́. Ìyá Bàbá sunkún nígbà tó gbọ́. Ní 1969, ojú tí wọ́n fi ń wo ọlọ́pàá ní ilẹ̀ wa ò dára rárá. Ìjà wẹ́ẹ̀tìẹ̀ ọdún 1965, ìjà òṣèlú tí wọ́n ti ń da epo sí ilé àti èèyàn kí wọ́n tó dáná sun ún, ṣì wà lọ́kàn àwọn èèyàn, àti bí àwọn olóṣèlú ṣe lo ọlọ́pàá ìbílẹ̀ láti fi gbéni, láti fi na ni. Ìyá náà rò pé irú iṣẹ́ yẹn lọmọ òun ń lọ ṣe. Bàbá ṣàlàyé títí pé ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ lòun fẹ́ ṣe, pé ọ̀tọ̀ ni ti ìbílẹ̀. Ìyá ní aṣọ ló yàtọ̀. Mo kọ ìyẹn síbẹ̀ bó ṣe rí. Àwọn tó kà á lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ́rìn-ín gan-an, àmọ́ wọ́n tún gbà á gbọ́, torí pé ohun tí ìyá tiwọn náà á sọ nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n fi yìn ín ni mo lè gbà. Àwọn àgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ fún mi pé Bàbá ja ogun Kóńgò, pé kí n fi sí iwájú pátápátá. Lóòótọ́ ni àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà lọ sí Kóńgò lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣùgbọ́n 1960 ni wọ́n ti ń lọ, Bàbá sì jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà yẹn. Fọ́tò kan nínú àpótí ló fa ìtàn náà: ọ̀gá rẹ̀ kan tó lọ sí Kóńgò ló fún un, Bàbá gbé e kọ́ sára ògiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àlejò sì ń sọ ẹni tó wà níbẹ̀ di onílé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bínú sí mi díẹ̀. Ó ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí òkú ò ní jí wá sọ pé irọ́ ni. Mo ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì máa wá láti Ọ̀yẹ́ àti Òmùò, àwọn yẹn mọ̀.

Ọ̀rọ̀ 1983 ló gba àkókò jù. Ẹni tó bá dàgbà ní Èkìtì mọ ohun tí mò ń sọ. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, àjọ elétò ìdìbò FEDECO kéde pé Akin Omoboriowo, ọmọ Ìjerò, ti NPN, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba àpapọ̀, ló borí Adékúnlé Ajáṣin ti ẹgbẹ́ UPN nínú ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìlú gbiná. Wọ́n jó ilé, wọ́n jó èèyàn, kó tó di pé ilé ẹjọ́ dá Ajáṣin padà. Lójú ọ̀pọ̀ aráàlú, NPN ni ọlọ́pàá ń ṣiṣẹ́ fún. Bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ lọ́dún náà, pẹ̀lú ìlà mẹ́ta lápá. Àbúrò rẹ̀ kan ní kí n fò ó, pé ọ̀rọ̀ tó bá ti tutù, kéèyàn má fẹ́ ẹ mọ́.

Mi ò fò ó. Nínú ìwé pélébé rẹ̀ ti ọdún yẹn, ojúlé ilé tí wọ́n jó lójú rẹ̀ ló kọ, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Mo wá ẹni tó lè sọ̀rọ̀ sí i títí mo fi rí obìnrin kan tí ilé bàbá rẹ̀ jóná. Ó ní àwọn mẹ́fà ni Bàbá kó sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá lóru, ó da tapólì bò wọ́n, ó sì gbé wọn lọ sí bárékè, ibẹ̀ ni wọ́n sì sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Màmá ní òótọ́ ni, òun lòun ń se ẹ̀wà fún wọn. Ọkùnrin kan tún wà tó sọ fún mi pé ọlọ́pàá na òun ní Àkúrẹ́ lóṣù kan náà, pé òun ò mọ̀ bóyá Bàbá wà nínú wọn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ nígbà náà, mo kọ ohun tí obìnrin yẹn sọ, mo sì kọ ọ́ pé àwọn kan nínú ìlú jìyà lọ́wọ́ ọlọ́pàá lọ́dún yẹn. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ẹbí fẹ́ yọ. Màmá ló ní kó wà.

Ẹnì kan ṣì wà, ọkùnrin tí Bàbá tì mọ́lé fún òru méjì lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nígbà tó ti di ọ̀gá ní Adó, tí kò tíì dárí jì í. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ò wọnú ìwé, torí mi ò lè mọ ẹni tó jàre ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n torí tirẹ̀ ni mo ṣe yọ gbólóhùn tí ẹnì kan ti kọ sílẹ̀ fún mi pé Bàbá ò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí.

Ti rìbá ńkọ́? Gbogbo ayé ló mọ àkọlé tó wà lára ògiri téṣàn pé béèlì ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ayé ló sì mọ bó ṣe máa ń rí. Awakọ̀ kan ní Ìkọ̀lé sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n mú àbúrò òun, òun ta ewúrẹ́ láti fi gba béèlì rẹ̀. Bàbá wo owó náà, ó ní, "Lọ ra ewúrẹ́ rẹ padà." Mo fi í síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu awakọ̀ náà, mi ò fi ìyìn kankan tì í.

Ní ti ẹ̀yẹ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló ń gbé ètò náà. Fún ẹni tó ti lọ sílé, ẹbí ló gbọ́dọ̀ bèèrè. Mo kọ lẹ́tà tí olórí ẹbí fọwọ́ sí, mo so ìwé ẹ̀rí ikú mọ́ ọn, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, lẹ́tà ìfẹ̀yìntì àti nọ́ńbà méjèèjì. DPO, ọ̀gá téṣàn Ìkọ̀lé, ni mo kọ́kọ́ gbé e fún, kó tó lọ sọ́dọ̀ kọmíṣánnà ní Adó. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yẹn o. Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń bọ̀wọ̀ fún ìlà lápá ni, wọn ò fẹ́ kí lẹ́tà fo orí ẹnì kan. Wọ́n fún wa ní àwọn tó máa gbé pósí, ọ̀gá kan tó máa ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, àti ẹni tó máa fọn fèrè idẹ. Wọn ò fún wa ní oníbọn.

Ìbọn yẹn di ọ̀rọ̀ nínú ẹbí. Ṣé ọlọ́pàá lè wọlẹ̀ láìgbọ́ ìró ìbọn? Ẹnì kan ní ká pe àwọn ọdẹ, torí Bàbá àti àwọn ni wọ́n jọ ń ṣọ́ ìlú lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Mo lọ bá olórí wọn. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀: àwọn á yin ṣakabùlà fún un, àwọn ò ní sun ìrèmọ̀jé, torí ọdẹ nìkan ni wọ́n ń ṣe ìyẹn fún. Ó ní ọ̀rẹ́ ọdẹ kì í ṣe ọdẹ. Mo fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́, òun náà ò fẹ́ kí òkú gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn ọdẹ fúnra wọn ló lọ gba àyè lọ́wọ́ DPO kí ìbọn wọn tó dún.

Lálẹ́ àìsùn, àwọn ìyá àgbà kan ní àdúgbò dá alámọ̀, ewì àbáláyé àwọn obìnrin Èkìtì, sílẹ̀. Mo ti gbé fóònù sílẹ̀ kí n fi gbà á, torí mo mọ̀ pé àwọn alálámọ̀ kì í sọ̀rọ̀ lásán. Òótọ́ ni. Láàárín oríkì ilé àti ẹkún, wọ́n mẹ́nu ba ìjà àwọn oníṣu àti àwọn onílé ìtajà ní ọjà, tí Bàbá parí láìmú ẹnikẹ́ni lọ sí téṣàn. Kò sí nínú ìwé kankan nínú àpótí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ìwé ìsìnkú ti kúrò lọ́dọ̀ ìtẹ̀wé nígbà yẹn, mo bá bẹ ọ̀gá tó máa ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ pé kó fi ẹnu sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Àwọn obìnrin ọjà pariwo.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ta àsíá sórí pósí, wọ́n gbé fìlà àti bẹ́líìtì rẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀: ọ̀tá fèrè idẹ ni onílù. Last Post kì í pẹ́, ohun tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ń fọn nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí ni, Reveille tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń jí wọn láàárọ̀. Bí onílù bá ta gángan sí i láàárín, ó ti bàjẹ́. Mo ti ní kí ọmọ àbúrò mi kan dúró ti àwọn onílù, kí òmíràn dúró ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí alága ìjókòó sì sọ fún èrò ṣáájú pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n dákẹ́. Àwọn ọlọ́pàá kan sálúùtù, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì náà gbọ́wọ́ sókè nínú agbádá. Wọ́n ká àsíá, wọ́n gbé e fún Màmá. Ìbọn ọdẹ wá dún lẹ́yìn ilé, àwọn onílù sì gba ojú agbo padà.

Ìwé tó kù lẹ́yìn ìsìnkú kò gba wàhálà púpọ̀. Torí pé 2004 ni Bàbá fẹ̀yìn tì, lábẹ́ ètò owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́, PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó àwọn tó wà lábẹ́ ètò yẹn, ni a kọ̀wé sí, kì í ṣe àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó àwọn ti ìsinsìnyí. Ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ tètè lọ fi tó wọn létí, kí owó má baà máa wọlé sí àkáǹtì òkú tí wọ́n á sì tún ní kí ẹ dá a padà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó nínú ìwé ìsìnkú náà lọ. Kò pẹ́ sí i, ọ̀kan nínú wọn láti Ọ̀yẹ́, ìnsípẹ́kítọ̀ àtijọ́ tí òun àti Bàbá jọ gbé bárékè ní Maiduguri, gbé àpótí páànù tirẹ̀ wá sílé mi lórí ọ̀kadà. Ó ní òun ti ka ti ọ̀rẹ́ òun, kí n bẹ̀rẹ̀ tòun nísinsìnyí tí òun ṣì lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló ń wá. Kóńgò, ó ní òun ò lọ síbẹ̀, kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ kíákíá. A ti bá a dé 1978, a sì ń jà lórí ẹni tó jẹ́ kọ́púrà níbẹ̀.